Ẹ Wá Bá Mi Bẹ Ìyá Ọkọ Mi Nítorí Omi

Àǹtí Jemima mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jókòó ná kí ẹ tó kà á: èmi Tóyọ̀sí yín ti lóyún! Oṣù kẹrin rèé, mo kàn ń pa á mọ́ra ni. Ṣé àlàáfíà ni Bọ̀dá Benedict àti àwọn ọmọ wà ní Jos? Ọkọ mi ń kí yín. Ó ń súfèé káàkiri oko kòkó.

Ara mi le, àmọ́ òùngbẹ ò jẹ́ kí n jókòó, ìtọ̀ ò jẹ́ kí n sùn. Ìyá ọkọ mi ní, "Ìyàwó, ṣé odò lo gbé mì ni?" Mo ṣàyẹ̀wò, kì í ṣe àtọ̀gbẹ. Nọ́ọ̀sì ní họ́mónù ló ń sọ fún kíndìnrín ìgbà tó yẹ kó dá omi àti iyọ̀ dúró nínú ara, pé bí oyún bá dé, kíndìnrín kì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ni ìtọ̀ fi ń pọ̀, tí ara sì ń béèrè omi púpọ̀ sí i nítorí ọmọ. Ó ní kí n máa mu omi dáadáa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí: inú Màmá dùn débi pé wọ́n ti jẹ́jẹ̀ẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé èmi àti àwọn máa gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta. Omi ò gbọdọ̀ kan ẹnu! Ìyàwó tuntun ni mí, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé rárá? Ẹ̀yin àbúrò ìyá mi, tí ẹ fà mí lé wọn lọ́wọ́, ni wọ́n máa gbọ́ tiyín. Ẹ má pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n á ní mo fẹjọ́ sùn. Ẹ wá bí ẹni wá kí aboyún.

Ọlọ́run tó dá mi lóhùn á dá yín lóhùn. Ọjọ́ Ajé ni ààwẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀, nítorí náà gbogbo yín, ẹ̀yin, Bọ̀dá Benedict àti àwọn ọmọ, gbọ́dọ̀ ti dé Ìdànrè ní Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá.