Irin Tó Dógùn-ún Lẹ́yìn Ilé Wẹ́dà

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ooru Ìlobì, ẹ kú iná wẹ́dà. Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti ilẹ̀ Jámánì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yìnyín ló bo ilẹ̀ tí mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ sí. Mo ní kí ìwé ìròyìn gbé lẹ́tà yìí jáde kí àwọn ará Yewa lè bá wa gbọ́ ọ, nítorí náà ẹ má bínú bí mo bá ń ròyìn ohun tí ojú yín rí fún yín.

Iṣẹ́ ń lọ. Oko màlúù ni mo wà, ní abúlé kan tí ènìyàn lè rìn láàárọ̀ títí dé ọ̀sán kó má rí ẹni tí yóò kí. Àwọn màlúù ni mò ń kí ní ẹ kú àárọ̀. Wọn kì í dáhùn, ṣùgbọ́n wọ́n ń wò mí lójú, ìyẹn náà tó nǹkan. Owó tí mò ń rí tó jẹun, ó sì ń ṣẹ́kù díẹ̀ fún oògùn Màmá.

Màmá ni n kò lè gbàgbé. Nígbàkúùgbà tí mo bá pè wọ́n, ikọ́ ni yóò kọ́kọ́ gbé fóònù. Dókítà ti ní bí wọn kò bá fi èéfín igi tí wọ́n fi ń yan gààrí sílẹ̀, èémí wọn yóò máa kúrú sí i ni. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbẹ́ kòtò gáàsì sẹ́yìn ilé, tí ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ àti èèpo ẹ̀gẹ́ ń jẹrà nínú rẹ̀, tí gáàsì ń gba páìpù wá sídìí agbada. Ṣùgbọ́n gáàsì náà ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, bó bá sì ń jó, ó ń ta Màmá lójú àti lọ́fun ju èéfín lọ. Àwọn oníbàárà láti Ìdí-Ìrókò ní gààrí ń rùn. Màmá padà sídìí igi. Ẹ̀rù bà mí gan-an, Bàbá. N kò kàn sọ fún yín ni.

Gáàsì ìgbẹ́ wà lóko tí mo wà náà, kò sì rùn. Mo bi ọ̀gá mi, ìyá àgbà kan, ohun tí wọ́n fi ń wẹ̀ ẹ́. Ó mú mi dé ìdí àgbá kan tí gáàsì ń gba inú rẹ̀ kọjá, ó ní èérún irin tó ti dógùn-ún, tí wọ́n pò mọ́ èérún pákó, ló kún inú rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Ló bá mú bébà kékeré kan tó máa ń dúdú bí oró tó ń mú gáàsì rùn bá kàn án. Níbi tí gáàsì ti ń wọ àgbá, bébà dúdú lójú ẹsẹ̀. Níbi tó ti ń jáde, ó funfun báláú. Ẹnu mi ò lè padé. Ìpáàrà! Ohun tó ń jẹ géètì, tó ń jẹ páànù, òun ló ń jẹ oró! Ọ̀gá mi wá kìlọ̀ pé ká má fi imú dán an wò o, torí bí oró náà bá pọ̀, imú ló ń kọ́kọ́ pa. Ẹni tí kò gbóòórùn mọ́ lè rò pé ó ti lọ.

Nígbà tí mo pè yín pé kí ẹ kó èérún irin tó ti dógùn-ún sínú àgbá kan, kí gáàsì Màmá máa gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ bi mí bóyá òtútù ti wọ̀ mí lórí. Ẹ ní láti ogójì ọdún tí ẹ ti ń jó irin, ìpáàrà ni ọ̀tá yín, kí ló dé tí ọmọ yín fi ń yìn ín? Síbẹ̀ ẹ ṣe é, nítorí Màmá. Màmá tan iná, ojú tún ta wọ́n. Mo ní kí ẹ fi ohun tí ẹ kó sínú àgbá hàn mí lórí fóònù. Yé è! Ẹ ti fi kẹrosíìnì fọ èérún irin náà, ẹ ti fi ọ́ìlì pa á, ó ń dán bí owó tuntun. Ẹ ní ẹ kò lè kó irin ìdọ̀tí sídìí iṣẹ́ ìyàwó yín. Mo rẹ́rìn-ín títí màlúù fi yíjú wò mí.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n. Ẹ wá èérún mìíràn, ẹ ń wọ́n omi sí i lójoojúmọ́, ẹ ń wò ó bó ṣe ń pọ́n. Màmá ní ó ń dùn yín bí ẹni tí ewúrẹ́ ń jẹ oko rẹ̀ lójú rẹ̀. Nígbà tí ẹ kó o sínú àgbá, iná jó búlúù, kò rùn, kò ta ẹnikẹ́ni lójú. Lẹ́yìn oṣù kan, èérún náà dúdú, ẹ rò pé ó ti parí. Mo ní kí ẹ ti gáàsì pa, kí ẹ tẹ́ èérún náà síta gbangba kó lè padà pọ́n, kí ẹ máa wọ́n omi sí i, kí ẹ má dì í sínú àpò láéláé, torí ó máa ń gbóná fúnra rẹ̀, ó sì lè gbiná. Ẹ pè mí padà, ohùn yín rẹlẹ̀ bíi ti ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ní ẹ na ọwọ́ sókè rẹ̀, ooru ń jáde láìsí iná. Dúdú náà ń padà di pupa lójú yín, afẹ́fẹ́ lásán ló ń ṣe é. Iṣẹ́ Olúwa, ta ló lè mọ̀ ọ́n tán?

Màmá ti lo oṣù mẹ́ta nídìí gáàsì báyìí. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, wọ́n pè mí. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ aládùúgbò, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó mi tó ń pẹ́. Mò ń retí ikọ́ náà. Kò wá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo tún retí rẹ̀, kò wá. Wọ́n pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Ẹ bá mi sọ fún wọn, Bàbá, pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò lọ. Ẹkún ni kò jẹ́ kí n dáhùn.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí èémí wọn kúrú mọ́, kó sì dá ọwọ́ yín sí. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ kí àwọn oníbàárà tó ti padà wá.

Èmi ni, ọmọ yín,
Ìdòwú