Oògùn Tó Ń Gbóòórùn Ọtí

Ọmọ mi, àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa lo jí, ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ojú tì wá ní kékeré rẹ kò ní jẹ́ kí ojú tì wá ní àgbà rẹ. Màmá rẹ kí ọ, àbúrò rẹ kí ọ, èmi náà kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ kẹjọ rèé tí o ò gbé fóònù mi. Obìnrin tí o gbà síṣẹ́ láti máa bá ọ gbé e ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún un látòkè délẹ̀ nígbà mẹ́ta, ohun kan náà ló ń fi òyìnbó wí, kì í kí àgbà, bí mo bá sì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, á gé fóònù mọ́ mi létí. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò.

Oògùn ìjáwọ́ ọtí tí o fi ránṣẹ́, èyí tí kì í jẹ́ kí ọtí gba ara ẹni, dé ọwọ́ wa. Ẹyọ kan ni mò ń lò láràárọ̀ bí o ṣe wí, lójú màmá rẹ, tó máa ní kí n la ẹnu kí òun wo abẹ́ ahọ́n mi bí ẹni fẹ́ ra ewúrẹ́. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù nílé ìwòsàn. Wọ́n bèèrè pé ife mélòó ni mò ń mu lọ́sẹ̀. Mo bi nọ́ọ̀sì pé ife wo, ńlá àbí kékeré, nítorí káfíńtà ni mí, mi ò lè kọ iye láìmọ ìwọ̀n. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ kò gba ìdáhùn náà, mo bá yí ìwé náà sẹ́yìn, mo kọ ọ́ síbẹ̀. Wọ́n tún ní kí n kọ ẹni tí àwọn máa pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo rò ó dáadáa. Gbogbo ìgbà tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ sí mi, Ìyá Onígo tó ń ta ọtí ní ìkóríta ló máa ń wà níbẹ̀. Òun ni mo kọ.

Ìwé kan wà nínú páálí oògùn náà tí nọ́ọ̀sì túmọ̀ fún mi: ìtòògbé, orí fífọ́, àárẹ̀, kí ẹnu máa ta bí irin, kí ara máa sú. Mo ń fi bírò sàmì sí wọn bí wọ́n ṣe ń dé. Ìtòògbé dé lọ́jọ́ kejì, mo sùn sórí pákó tí mò ń fá. Nígbà tí ẹnu irin dé, mo sọ fún màmá rẹ pé ìṣó ló fi se ọbẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi dá mi lóhùn. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ara mi ò tíì sú, mo padà lọ bá nọ́ọ̀sì pé márùn-ún ni wọ́n kọ, mẹ́rin ni mo rí gbà. Ó ní ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ni, kì í ṣe ohun tó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀, kí n máa dúpẹ́. Mo ní bí èmi bá kọ àga mẹ́fà sínú ìwé fún oníbàárà, mẹ́fà ni mo máa kó fún un. Ó ní kí ẹni tó kàn wọlé.

Wàyí o, mi ò ní parọ́ fún ọ. Mo mu ọtí lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ Sátidé ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ilẹ̀kùn kan tán fún oníbàárà, inú mi dùn sí i, mo wá rò ó pé ẹni tó ra ayùn tuntun gbọ́dọ̀ fi gé nǹkan kó tó mọ̀ bóyá ó mú. Ife kékeré kan ni mo fi dán oògùn náà wò lọ́dọ̀ Ìyá Onígo. Ọmọ mi, ó mú. Ojú mi gbóná bí ẹni bẹjú wo ààrò, àyà mi ń lù bí òòlù, mo bì, mo wá èémí mi ò rí i. Ibẹ̀ ni fóònù mi ti dún, ìwọ ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé oògùn yẹn ń ṣòfófó mi fún ọ, mi ò sì bínú. Ìyá Onígo fúnra rẹ̀ ló gbé mi dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì yẹ fọ́ọ̀mù mi wò, ó pe nọ́ńbà tí mo kọ, fóònù sì dún nínú àpò obìnrin náà níbi tó dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Aládùúgbò ló lọ sọ fún màmá rẹ. Nígbà tó dé, ẹni tó ń ta ọtí fún mi ló bá tó ń fi aṣọ tútù nu iwájú orí mi. Mi ò ní kọ ohun tó sọ sínú lẹ́tà. Mo jẹ̀bi ìyẹn.

Ti ẹ̀ẹ̀kejì ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, mo ti fèrèsé ṣọ́ọ̀bù pa kí omi má baà ta sí kọ́bọ́ọ̀dù tí mò ń fi fánísì kùn, fánísì tí a fi sípíríìtì pò. Mi ò tíì kùn ún dé ìdajì tí ojú mi tún gbóná, tí àyà tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Mo jókòó sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni màmá rẹ ṣe bá mi, ojú pupa, mò ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kò pariwo. Ó gbé oúnjẹ mi kalẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó pè ọ́. Mo gbọ́ ohùn rẹ nínú fóònù pé kó sọ fún mi pé ó tán, pé o ò ní ra oògùn mọ́, o ò sì ní wá sílé ní ìparí ọdún.

Ọmọ mi, mi ò mu. Mi ò dá yín lẹ́bi, ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá. Ṣùgbọ́n ìtìjú tí mo jẹ láìmu yìí pọ̀ ju gbogbo èyí tí mo ti ń jẹ nígbà tí mò ń mu. Mo gbé agolo fánísì náà lọ bá nọ́ọ̀sì. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó ka ara rẹ̀, ó ní ọtí ni sípíríìtì, pé bí mo bá ń fa òórùn rẹ̀ símú nínú yàrá tó pa dé, oògùn kò mọ̀ pé mi ò fẹnu mu ún. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, ó sì lu òǹtẹ̀ lé e. Màmá rẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀ gbayawu.

Nǹkan kan tún wà tí wọn ò kọ sínú ìwé oògùn. Láti ìgbà tí mo ti jáwọ́, nǹkan tó ti pẹ́ ń padà wá sọ́kàn mi. Nọ́ọ̀sì ní kì í ṣe oògùn ló fà á. Ọjọ́ tí wọ́n fún ọ lẹ́bùn nílé ìwé, tí mo ní ọkọ̀ tó gbé mi bàjẹ́ lọ́nà, kò sí ọkọ̀ kankan. Mo dé ẹnu géètì. Mo gbọ́ nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ, mo gbọ́ àtẹ́wọ́. Mo wo bàtà mi, mo ti bì sí i lára, mo bá yí padà. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn títí èmi alára fi gbà á gbọ́. Jọ̀ọ́, má bínú. Tàbí kí o bínú, ṣùgbọ́n èyí tí mo ṣe ni kí o bínú sí, kì í ṣe fánísì.

Oògùn ku ẹyọ mẹ́sàn-án. Bí ó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún òmíràn, àti fún fánísì tí wọ́n fi omi pò, tó wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Má fi gba ọ̀nà báńkì. Ẹ̀rọ wọn tó ń san owó ní kí n fún òun ní nọ́ńbà àṣírí mi, mo sọ ọ́ sókè nígbà mẹ́ta, gbogbo ẹni tó tò sẹ́yìn mi ti mọ̀ ọ́n, ẹ̀rọ náà nìkan ni kò gbọ́. Bí owó kò bá sì sí, kí ìwọ náà ṣáà wá. Mo ti fá ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn yàrá rẹ tó ń wọ́lẹ̀, ó ń pa dé wẹ́rẹ́ báyìí.

Ibi tí o bá na ọwọ́ sí, oore ni wàá bá níbẹ̀. Ẹni tó yẹ kó dúró tì ọ́ kò ní yà lọ́nà.

Èmi bàbá rẹ ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́, ojú mi sì dá ṣáká.