Olúdọ̀tun Ti Dọ̀bálẹ̀

Mákun, Ṣàgámù,
9 Oṣù Kẹta, 1985.

Bọ̀dá mi Ọláníyọnu,

Ẹ kú òtútù Jọ́ọ̀sì. Mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ojú tó ń dun Màmá ti sàn, a sì ti kan páànù tí ìjì ṣí.

Ọ̀rọ̀ Olúdọ̀tun àbúrò wa ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dá, tí orúnkún rẹ̀ sì máa ń wú, tí kì í ṣeé ká. Àṣé omi gbígbóná tí Màmá fi ń jó o, tí wọ́n sì ń fi òrí wọ́ ọ kíkankíkan, ló ń dá kún un. Obìnrin kan tó ń tọ́jú oríkèé ara ní ọsibítù ló ní ká jẹ́ kí wíwú náà kọ́kọ́ lọ sílẹ̀ ná. Ìyẹn kì í fi agbára fa ẹsẹ̀ náà rárá; ọwọ́ lásán ló fi ń rọra nà án, ó di ọ̀sẹ̀ kẹwàá báyìí.

Bọ̀dá mi, láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, ká tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Olúdọ̀tun dọ̀bálẹ̀ kí Màmá. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tó ti ń kí wọn lórí ìdúró. Màmá ò rántí sọ pé kó dìde. Ẹkún ni wọ́n ń sun.

Ọlọ́run á mú yín wálé layọ̀ ní Àjíǹde. Tó bá dọ̀bálẹ̀ fún yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tètè ní kó dìde. Ó fẹ́ kẹ́ ẹ rí i dáadáa.

Àbúrò yín,
Ojúọlá