Nelba Irigoyen (1958–2023), Ẹni Tó Ń Jókòó Ti Àwọn Tó Ń Kọ Ètò Kọ̀ǹpútà

Ìlú Tacuarembó ní orílẹ̀-èdè Uruguay ni wọ́n ti bí Màmá wa, Nelba Irigoyen, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún ọdún 1958. Bàbá wọn, Olegario, ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú irin ṣe; aránṣọ ni ìyá wọn, Dominga. Láti kékeré ni Màmá ti ń tú ẹ̀rọ ìránṣọ palẹ̀ kí wọ́n lè rí ohun tó ń gbé abẹ́rẹ́ lọ sókè sódò.

Wọn kò kàwé kọjá girama. Ní ọdún 1981 wọ́n fẹ́ Bàbá wa, Edison Larralde, wọ́n sì kó lọ sí Montevideo. Ìwé àlòkù kan ni wọ́n fi kọ́ ara wọn ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà.

Láti ọdún 2004, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa fọ̀rọ̀ wá àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà lẹ́nu wò, láti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an: irinṣẹ́ wo lẹ fẹ́ràn? Ta ló ń yẹ iṣẹ́ yín wò? Kí lẹ̀ ń ṣe tí ọ̀gá kò mọ̀? Ẹ̀gbẹ́ ènìyàn ni wọ́n ń jókòó sí, wọn kì í kọjú sí i. Wọ́n á bu máté, tíì ewé tí a ń mu nílé wa, fún un, wọ́n á máa wo ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n máa ń ní, "Ẹnu ń purọ́, ọmọ mi, ìka kì í purọ́." Nọ́mbà ni wọ́n ń kọ sínú ìwé wọn dípò orúkọ. Bí wọ́n bá ti kọ ọ̀rọ̀ náà tán, wọ́n á pa ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ rẹ́. Ìlérí tí wọ́n ń ṣe fún gbogbo wọn nìyẹn.

Ìsìnkú nìkan ló ń gbé Màmá dé ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n gbogbo Sátidé ni wọ́n ń tún kọ̀ǹpútà iléèwé àdúgbò Cerro ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá, Màmá bi Ademar Techera, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ní ìbéèrè kan ní ibi iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì dákẹ́. Ademar rò pé wọ́n ń gbọ́ òun ni. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ. Màmá ti kú.

Lọ́jọ́ kejì, níbi tí a tẹ́ wọn sí, ọ̀gá Ademar wá béèrè ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tí Màmá ń lò lọ́jọ́ náà. "Ọ́fíìsì wa ni wọ́n ti gba ohùn yẹn. Tiwa ni."

Yanina, àkọ́bí Màmá, fèsì: "Òkú ṣì wà nílẹ̀, ọ̀gá! Ṣé ojú kì í tì yín ni?"

Ọkùnrin náà lọ pe agbẹjọ́rò. Ademar bá sún mọ́ Yanina: "Ohùn màmá yín tó kẹ́yìn ló wà níbẹ̀. Tọ́jú ẹ̀. Tí wọ́n bá máa lé mi nítorí ohun tí mo sọ nínú ẹ̀, kí wọ́n lé mi."

"Panu mọ́ jàre. Ta ló máa bá ẹ bọ́ àwọn ọmọ rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

Yanina tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ náà, ó pa ohùn náà rẹ́. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó gbọ́ ọ.

Bàbá Edison, àwọn ọmọ wọn Yanina àti Líber, àti ọmọ-ọmọ mẹ́ta ló gbẹ̀yìn wọn.

Màmá, a kò mọ ohun tí ẹ sọ kẹ́yìn, a kò sì ní mọ̀ ọ́n láé. Bí ẹ ti ṣèlérí ni a ṣe. Ẹ sùn jẹ́jẹ́ o.