Ayọ̀midọ̀tun Ló Fúnra Rẹ̀ Yan Òfì

Bámiṣayọ̀ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Kubwa ńkọ́, ṣé iná àti omi ń wá déédéé? Ara mi le, orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń ráhùn, mo sì ti bá a wí. Ọlọ́run tó jí mi láàárọ̀ yìí yóò máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yín tọ̀sán-tòru. Àmín.

Ọmọ mi, ayọ̀ ò jẹ́ kí n lè jókòó, ìdúró ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Ayọ̀midọ̀tun ọmọ rẹ pè mí láti iléèwé tuntun tí o mú un lọ, lórí fóònù Kúnbi aládùúgbò wa, èyí tí a fi ń rí ojú ara wa. Ọmọ kan dùbúlẹ̀ ó ń kàwé, òmíràn ń tú rédíò, ẹnì kan ń se ẹ̀wà, tísà sì jókòó jẹ́ẹ́, ó ń wò wọ́n. Ẹ̀rù bà mí. Mo bi Ayọ̀midọ̀tun bóyá wọn ò tíì sanwó oṣù fún tísà ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ ló ń sọ ohun tó wù ú láti kọ́ níbẹ̀, tísà á wá bá a wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ha! Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó ti di hẹdimísírẹ́ẹ̀sì! Mo kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n pàtẹ́wọ́ gan-an ni. Pásítọ̀ bi mí pé tísà mélòó ló wà lábẹ́ rẹ̀, mo ní mi ò tíì kà wọ́n.

Mo wá bi í pé kí lòun yàn. Ó ní òun fẹ́ wá kọ́ aṣọ híhun lọ́dọ̀ mi, pé kíjìpá tí mo fi pọ̀n òun nígbà tí wọ́n bí òun ṣì wà lórí ibùsùn òun. Bámiṣayọ̀, mo jó! Èmi nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n hun ládùúgbò yìí, adìyẹ ló ń sùn lórí òfì tí mo fi ń hun ún, mo sì ti gbà pé ọjọ́ tí mo bá lọ, ó parí nìyẹn.

Tísà wọn, Dámi, wá fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí fóònù Kúnbi. Mo mọ ohun tó jẹ́, ìwé àdéhùn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni. Èmi ń sọ, Kúnbi ń kọ: ọdún mẹ́ta ni yóò lò, yóò máa gbálẹ̀ fún ọ̀gá, lọ́jọ́ fírídọ̀ọ̀mù rẹ̀ iléèwé yóò mú ewúrẹ́ kan, orógbó àti páálí mínírà mẹ́ta wá. Dámi pè mí, ó ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni àwọn ní lọ́kàn. Mo ní kò burú, kí wọ́n mú òbúkọ kékeré wá.

Ó wá sọ nǹkan kan tó wọ̀ mí lára. Ó ní tí ọmọ bá dé, kí n má pè é sídìí òfì o, kí n máa hun tèmi, tó bá wù ú, á súnmọ́ mi. Mo ní tó bá hun ún wọ́ ńkọ́? Ó ní kó hun ún wọ́. Mo bá rántí rẹ. Pàṣán ni mo fi ń pè ọ́ sídìí òfì yẹn, ìgbà tí o sì jáde ìwé mẹ́wàá, o lọ, o ò wẹ̀yìn. Má bínú, ọmọ mi. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ nìyẹn.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún òwú funfun àti aláró, pẹ̀lú ìrẹsì tí ọmọ yóò jẹ. Àkáǹtì Kúnbi ni kó o san án sí. Mo ti fi káàdì báńkì mi sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ, mo sì dì í nínú ọ̀rá kí owó inú rẹ̀ má baà jò dànù.

Olúwa á mú yín dé layọ̀, ọkọ̀ tí ẹ bá wọ̀ kò ní yọnu lọ́nà. Mo ti lé adìyẹ kúrò, mo ti fọ òfì. Àga kékeré mẹ́ta ni mo tò síbẹ̀: tèmi, ti Ayọ̀midọ̀tun, àti ọ̀kan sí i. Mi ò ní pè ọ́ o.

Ìyá rẹ.