Bọ́tà Nigor Lẹ́yìn Ọgbà Ẹran Sultona

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹjọ

A ti gun òkè dé. Orúnkún mi ń pariwo. Àwa obìnrin la máa wà níbí pẹ̀lú ẹran títí òtútù á fi lé wa sọ̀kalẹ̀. Àwọn ọkùnrin wà nísàlẹ̀ nídìí àlìkámà. Ahéré mi àti ti Sultona ṣì kọjú síra. Opó ni, ẹnu rẹ̀ mú, ọmọ rẹ̀ Qodir ló máa fẹ́ Nigor ọmọ mi lẹ́yìn ìkórè. Mo pè é ní àna mi. Ó ní kí n má sọ òun di arúgbó, ó di ọjọ́ ìgbéyàwó kí òun tó jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Onírun ti kọjá létí odò — ẹsẹ̀ béárì náà àti ti ọmọ rẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀. Mo kó gbogbo obìnrin jọ, mo tún àdéhùn abúlé, tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ mi, sọ fún wọn. A ò ní pa béárì. Àwọn tó ń dáàbò bo ẹranko igbó ti fún wa ní àwọ̀n irin tá a fi bo orí ọgbà ẹran. Tiwa ni pé ká máa fi ọ̀pá dábùú ilẹ̀kùn, ká má da omi wàrà síta, ká má sì bo oúnjẹ kankan mọ́lẹ̀ nítòsí ẹran. Ẹni tó bá rú u, ẹran rẹ̀ ò ní gòkè lọ́dún tó ń bọ̀. Sultona ní, "A ti gbọ́, Ọ̀gá Béárì." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, 7 Oṣù Kẹjọ

Mo bo bọ́tà Nigor mọ́lẹ̀.

Kò sí bí mo ṣe fẹ́ ṣe é. Ìyá tó bá mú ọmọ lọ sílé ọkọ láìsí bọ́tà abẹ́ ilẹ̀, èyí tó ti pẹ́ nínú ilẹ̀ títí ó fi pọ́n, wọ́n á fi ṣẹ̀sín títí ọmọ náà á fi bímọ. Èyí tí mo bò lọ́dún tí mo bí i, àgbàrá gbé e lọ tòun ti ilẹ̀ tí mo bò ó sí. Tuntun yìí, bó bá tiẹ̀ pọ́n díẹ̀ létí, mo lè gbé e síwájú èèyàn. Ẹ̀yìn ahéré mi, òkúta ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yìn ọgbà Sultona ló tutù, ìsun omi wà níbẹ̀. Mo fi èèpo igi wé e, mo fi okùn pupa tí mo hun fúnra mi dì í, mo gbé òkúta lé e — nígbà tí gbogbo wọn wà nídìí wàrà fífún.

Mo mọ àdéhùn. Ta ló tún mọ̀ ọ́n jù mí lọ? Mo sọ fún ara mi pé èèpo náà nípọn.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 Oṣù Kẹjọ

Mo ti lọ gbóòórùn ibẹ̀ bí ajá, mo tún padà lọ. Kò sí nǹkan.

Ọjọ́rú, 13 Oṣù Kẹjọ

Ìyá Onírun wá kílẹ̀ tó mọ́. A lu ìkòkò, a pariwo, ó lọ. Ó ti pa lára àgùntàn Sultona, títí kan àgbò tó ń sìn fún ìgbéyàwó.

Ògiri ẹ̀yìn ti ya lulẹ̀, òkúta rẹ̀ bo gbogbo ibẹ̀. Èmi nìkan ló mọ ohun tó wà lábẹ́ òkúta yẹn. Bọ́tà ló ń gbẹ́ nídìí ògiri tí ògiri fi wó. Ṣùgbọ́n àwọn ẹran tó yè ti já ilẹ̀kùn níwájú sá jáde, ọ̀pá ìdábùú wà nílẹ̀, ilẹ̀kùn ni gbogbo èèyàn ń wò. Wọ́n yíjú sí mi. Mo ní, "Ó jọ pé wọn ò dábùú u."

Ẹnu mi ló sọ ọ́. Èmi náà gbọ́ ọ.

Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Kẹjọ

Sultona ń to òkúta ògiri rẹ̀. Mi ò lọ ràn án lọ́wọ́. Mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí. Ojú ń tì mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Oṣù Kẹjọ

Ó gbé búrẹ́dì gbígbóná wá, ó ní òun ba iṣẹ́ mi jẹ́. A jọ mu tíì oníyọ̀. Ó ní, "Ìyá Nigor, mo rò pé mo dábùú ilẹ̀kùn yẹn o. Ọwọ́ mi yìí ló ti ọ̀pá bọ ibẹ̀. Àbí orí mi ti ń dàrú ni?" Ó ń wò mí lójú. Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́rùn rẹ̀, ẹni tó bá rẹ̀ lè gbàgbé. Ó tún bu tíì sí ife mi. Mo gbé búrẹ́dì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Láyé mi, mi ò hùwà tó burú tó yìí rí.

Ọjọ́ Àìkú, 17 Oṣù Kẹjọ

Baba Niyat, olórí ìgbìmọ̀ darandaran, gòkè wá. Ìkòkò Òfìfo ni mo máa ń pè é níhìn-ín nítorí ohùn rẹ̀. Àwọn kan nísàlẹ̀ ní kí wọ́n yìnbọn pa béárì. Ó ní kò sóhun tó jọ ọ́, ilẹ̀kùn ló jẹ̀bi, àdéhùn ò jẹ̀bi. Ó yìn mí níwájú gbogbo wọn. Ọjọ́bọ̀ ni ìdájọ́.

Bí ẹran Sultona ò bá gòkè lọ́dún tó ń bọ̀, kò sí koríko tí wọ́n máa jẹ nísàlẹ̀. Á tà wọ́n ni. Kò sì ní nǹkan míì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 Oṣù Kẹjọ

Mo gbẹ́ ibẹ̀ nígbà tí wọ́n lọ fún wàrà. Kò sí bọ́tà. Èèpo igi pàápàá ò sí. Béárì kì í jẹ èèpo igi.

Ọjọ́rú, 20 Oṣù Kẹjọ

Sultona wọlé láìkanlẹ̀kùn. Ó ju èèpo igi náà sórí itan mi. Okùn pupa mi ṣì wà lára rẹ̀, eyín béárì ti dá a lu. Látọjọ́ tó ti ń to ògiri ló ti rí i.

Ó ní, "Ìbéèrè ni mo gbé búrẹ́dì wá bi ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mi ò wá bẹ̀ ọ́."

Mo bú sẹ́kún. Ó ní kí n tọ́jú ẹkún mi di ọ̀la. Òun ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni — Nigor ń bọ̀ wá di ọmọ òun, wọn ò ní gbọ́ ẹ̀gàn ìyá rẹ̀ lẹ́nu òun. "Ṣùgbọ́n ìwọ náà lẹ́nu."

Màá sọ ọ́ lọ́la. Mo ti pinnu.

Ọjọ́bọ̀, 21 Oṣù Kẹjọ

Mo ki èèpo igi bọ àyà, mo lọ. Baba Niyat bi Sultona bóyá ó dábùú ilẹ̀kùn. Èmi ló ń wò. Mo ti gbé ìdí kúrò lórí ẹní. Ni Baba Niyat bá ní kí gbogbo obìnrin wo Ìyá Nigor, pé bí gbogbo wa bá rí bíi tirẹ̀, ìjà èèyàn àti béárì ì bá ti tán. Ojú gbogbo wọn dé ara mi. Mo tún jókòó.

Sultona ní, "Mo gbàgbé."

Wọ́n ní kí èmi kéde ìdájọ́, torí èmi ni mo mọ àdéhùn jù. Mo kéde rẹ̀. Ohùn mi ò gbọ̀n.

Nígbà tá a ń tú ká, ó wá bá mi níwájú gbogbo èèyàn, ó tẹríba.

"Ẹ ṣeun, àna mi."