Ṣòkòtò Yáàdì Mẹ́sàn-án

                                        Ìsọ̀ Aránṣọ,
                                        Ojúlé Kẹrìnlá, Òpópónà Ilé Ẹ̀kọ́.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Keje.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Abẹ́rẹ́-ò-gbọdọ̀-sọnù,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ̀yìn tó máa ń dùn ọ́ ńkọ́? Mo mọ̀ pé o ṣì ń jókòó ti máṣíìnì láti àárọ̀ dalẹ́, olórí kunkun. Ara tèmi le, àfi ẹ̀gbẹ́ tó ń dùn mí, ẹ̀rín ló sì fà á.

O rántí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, èyí tí a bí ní ọkùnrin, tó ní obìnrin lòun, tí à ń pè ní Arẹwà báyìí? Ó kẹ́kọ̀ọ́ jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ilé ẹ̀kọ́ wọn lẹ ìwé mọ́ ògiri pé gbogbo ẹni tí wọ́n kọ sílẹ̀ bí ọkùnrin gbọ́dọ̀ wọ ṣòkòtò dúdú tó bo kókósẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kò ní gba ìwé ẹ̀rí. Arẹwà ní bóun ò bá lè lọ bí òun ṣe jẹ́, òun ò lọ mọ́. Ọmọ tó fi ọdún mẹ́fà jí kàwé! Inú bí mi. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká filẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ṣé ṣòkòtò ni wọ́n fẹ́? Wọ́n á rí ṣòkòtò.

Yáàdì mẹ́sàn-án ni mo fi rán an. Bó bá dúró, gáùn ni. Bó bá rìn, ìjì ni. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ pé méjì, mo búra.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ̀gbọ́n mi gan-an ló ń ṣọ́ géètì ilé ẹ̀kọ́ náà, òun ni wọ́n sì ní kó yẹ aṣọ wò. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí kò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kọjá "ṣé o ti jẹun?"

Nígbà tí èmi àti Arẹwà dé géètì lọ́jọ́ náà, ó ka ìwé òfin, ó wo aṣọ, ó tún ka ìwé. Ó lóṣòó, ó ń wá ẹsẹ̀ ṣòkòtò bí ẹni ń wá bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kígbe látọ̀ọ́kán pé ṣé ṣòkòtò nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ṣòkòtò ni, sà. Mo ti kà á, méjì ni."

Òjò àná ti sọ gbogbo ọ̀nà di ẹrẹ̀. Kí n tó mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi, àgbà ọkùnrin, ti gbá etí aṣọ náà mú, ó ń gbé e tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lọ sí gbọ̀ngàn, ó ń kùn yùnmùyùnmù pé èmi aránṣọ yìí ò mọ ìwọ̀n. Ó fi géètì sílẹ̀ gbayawu! Bí àwọn ọ̀rẹ́ Arẹwà tí wọ́n ti lé padà ṣe rọ́ wọlé nìyẹn: ọmọbìnrin tó wọ kóòtù pẹ̀lú táì, ọmọkùnrin tó kun èékánná, tó so yẹtí gbọọrọ. Gbogbo wọn ló gba ìwé ẹ̀rí.

Igbákejì ọ̀gá sáré bá a, ó ní níbo ló wà tí wọ́n fi wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Aṣọ ọmọbìnrin mi ni mò ń gbé."

Mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún ọ. Bá mi kí ìyá rẹ àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ.

Èmi ni, tìrẹ tabẹ́rẹ́-tòwú,
Sísọ́ọ̀sì-ò-sinmi